Ọwọ́ Aró Lọ́jọ́ Ìbò

Ìkòkò aró mi ló kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo èrò mi nípa ìjọba. Nígbà tí mo bá ń ri aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkòròdú, tí n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, màá máa bi í pé kí ló dé tí omi ẹ̀rọ fi ń ṣàn l'Ékòó tí àwa ṣì ń jí lọ pọnmi, àti pé ta ló ní kí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ máa jẹ́ eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ìkòkò náà kì í dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu rí. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ mi.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọkùnrin àdúgbò wa. Ẹnì kan á máa ka ìwé ìròyìn sókè, àwọn yòókù á máa bá ìwé ìròyìn náà jà bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó sáàárín wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti tún Nàìjíríà ṣe láìmọye ìgbà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Èmi á gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ mi, màá sì rọra máa kó àwo, kí n lè gbọ́ díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan mo bá wọn lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n ní òun ló mú kí owó orí le tó báyìí, wọ́n ní àwọn tíṣà mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lọ, wọ́n ní bẹ́ǹṣì kò kárí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹní ni àkọ́bí wa obìnrin gbé lọ sílé ìwé lọ́dún tí ìwé di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo ní orí ẹní yẹn náà ni ọmọ mi jókòó sí tó fi mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ohun tí ìyá náà kò mọ̀ ọ́n ṣe títí di òní. Mo ní bí bẹ́ǹṣì kò bá tó, kí ìjọba kan òmíràn. Mo tún ní kí wọ́n rí i pé ọmọ mùsùlùmí kò ní láti pààrọ̀ orúkọ kó tó rí àyè jókòó nílé ìwé, nítorí ohun tó sé ọ̀nà ìwé mọ́ èmi nìyẹn. Àlùfáà ni bàbá mi, ó ní ilé kéú ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó gbọ́ pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì máa ń fún ọmọ ní orúkọ mìíràn nílé ìwé wọn, ló bá ní kò sí ọmọ òun tó máa dé ibẹ̀.

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní Aláró ti fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Inú bí mi, mo kó àwo mi, mo lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, nígbà tí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, ni wọ́n kéde pé gbogbo obìnrin tó ti dàgbà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa máa dìbò. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ara bàbá mi kò yá lákòókò náà, mo wà ní Ẹ̀pẹ́ tí mò ń tọ́jú rẹ̀, ni akọ̀wé tó ń kọ orúkọ dé agboolé wa. Ó bi mí pé níbo ni ilé mi. Mo ní ibi tí a dúró sí yìí ni. Mo ní àwọn baba ńlá mi bá ọba kúrò l'Ékòó, wọ́n tẹ̀ dó síbí, orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n sì bí mi sí. Akọ̀wé kọ gbogbo ohun tó wúlò nínú rẹ̀, ó lọ. Ẹ má bínú sí mi. Bí wọ́n bá bi ọmọlúàbí obìnrin pé níbo ni ilé rẹ̀, ṣé ilé ọkọ ló máa kọ́kọ́ dárúkọ?

Ìgbà tí mo padà sí Ìkòròdú ni ó yé mi pé ibi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹni lèèyàn ti máa dìbò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un.

Ìjà kan sì wà láàárín wa tí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Àkọ́bí wa ń parí kíláàsì karùn-ún lọ́dún náà. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi ti gba òmìnira tirẹ̀ lọ, ọkọ mi wá fẹ́ kí ọmọ náà fi ìwé sílẹ̀, kó wá máa bá òun rán bọ́tìnì. Ó ní ìwé tó ti kà tó láti fi kọ lẹ́tà. Mo ní lẹ́tà nìkan kọ́ ni mo bí i fún. Mo fẹ́ kó parí, kó di tíṣà, kó má ṣe jókòó síbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn kó máa fi kíkó àwo bojú. A fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìbò ti ń sún mọ́lé nígbà tí ó yanjú rẹ̀ níwájú gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Aláró, bí o bá lọ dìbò ní Ẹ̀pẹ́, tí o fi àmì tàdáà hàn mí ní àtàǹpàkò rẹ, ọmọ rẹ á parí ìwé. Bí n kò bá rí àmì, kó wá jókòó ti ẹ̀rọ mi. Bí o tiẹ̀ dì í, ìbò tèmi á pàdé tìrẹ lọ́nà, á dá a padà sílé.”

Mo ní mo gbà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àti èmi fúnra mi, tó wo ọwọ́ mi.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ní Èbúté Ìkòròdú. Mo rò pé èmi nìkan ni òmùgọ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé ọkọ̀ náà kún fún ìyàwó ilé tó ń lọ dìbò nílé bàbá wọn. Gbogbo wa la ti fi baba ńlá wa yangàn lójú akọ̀wé. A rín ara wa rín títí, lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a fẹ́ kí ìjọba ṣe. Ọ̀kan fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí sí ìtòsí, ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n bá òun lé ìyálé òun jáde. Ọyẹ́ ti mú, kùrukùru bo ojú ọ̀sà, awakọ̀ kò rí iwájú rẹ̀. Kí a tó dé Ejìnrìn, ọkọ̀ há sórí yanrìn. Àwọn ọkùnrin bọ́ sómi, wọ́n ń tì í. Àwọn apẹja tó ń wa ọkọ̀ ẹja lọ sí Ìkòròdú kọjá lára wa, wọ́n kí wa kú ewu, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó pẹ́ kí a tó kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú kí a tó dé Ẹ̀pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti bàbá mi, tí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀, jọ rìn lọ síbi ìbò. Ilé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lò, èyí tí bàbá mi kò jẹ́ kí n wọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, ó wo pátákó dúdú tó wà lára ògiri.

Ó ní, “Ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn, ọmọ mi. Orúkọ tí mo fún ọ ni n kò fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ.”

Mo di apá rẹ̀ mú, a wọlé.

Tíṣà ọ̀dọ́ kan tó wá láti ìlú òkè ló jókòó ti ìwé orúkọ. Ó pe orúkọ mi látinú ìwé náà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an, kò dín, kò lé. Orí mi wú. Ó wá ní kí n mú ọwọ́ wá. Ó wò ó, ó sì pa ìwé dé.

Ó ní mo ti dìbò níbòmíràn, àmì wà lọ́wọ́ mi. Aró ni. Láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ìka mi kò funfun mọ́ rí. Bàbá mi sún síwájú láti gbèjà mi. Tíṣà wo ọwọ́ bàbá mi náà: tàdáà tó fi ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ kéú ti wọ gbogbo èékánná rẹ̀. Tíṣà ní ẹbí kan náà ló ń ṣe màgòmágó, ó sì ní kí àwa méjèèjì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lójú ọkàn mi, mo rí ọmọ mi tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń rán bọ́tìnì. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìbínú ló ṣáájú rẹ̀ jáde. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i lójú.

Mo ní, “Tíṣà, ẹni tó bá dìbò, àtàǹpàkò kan ló ń dúdú. Mẹ́wàá tèmi ló dúdú. Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ti dìbò láàárọ̀ yìí?”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Ẹ̀pẹ́, sún mọ́ tíṣà, ó ní aláró ni mí, ó ní ọwọ́ bàbá yìí sì rèé, kò sí bí òun ṣe lè ṣì í mọ̀, ọwọ́ náà ló fi ẹgba kọ́ òun ní kéú. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn, ó ṣí ìwé. Ó kán tàdáà sí mi ní àtàǹpàkò, tàdáà sì wọnú aró, kò hàn mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ọkọ mi. Mo bẹ tíṣà pé kó kán òmíràn sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi tó funfun díẹ̀, ó ní òfin kò mọ ibòmíràn ju àtàǹpàkò lọ. Mo wọlé lọ dìbò. Àpótí ẹgbẹ́ tí mo ju ìwé ìbò mi sí, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ ọ̀sán ni mo bá padà. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń fi omi ọ̀sà àti ọṣẹ fọ ọwọ́, bóyá aró á ṣí kúrò fún tàdáà. Aró kò lọ, tàdáà kò hàn. Àwọn ìyàwó tó kù ń fi àtàǹpàkò tiwọn yẹ̀yẹ́ mi.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí a dé Èbúté Ìkòròdú. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni ọkọ mi. Ó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú oṣù Ọdún Kérésì, tí télọ̀ kì í ráyè họra, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dìde. Mo na àtàǹpàkò sí i kí n tó kí i.

Mo ní, “Kò hàn, ṣùgbọ́n mo dì í. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Ó di ọwọ́ náà mú, ó wò ó pẹ́. Èmi náà wo tirẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo bi í pé ṣé kò dìbò ni.

Ó ní, “Àwọn ẹlẹ́ja ní ọkọ̀ yín há sínú kùrukùru. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí. Kí ni mo fẹ́ fi ìbò ṣe, bí n kò bá rí ẹni tí màá bá jà lé e lórí?”

Ẹkún tí mo gbé mì ní Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni mo ti sun ún, láàárín àwọn alágbàrù tó ń kó ẹja.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n fi àmì han àwọn. Ọkọ mi gbé ọwọ́ mi sókè, ó ka ìka náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹyọ kan lòun béèrè, mẹ́wàá ló mú wá. Nígbà tí ilé ìwé wọlé lẹ́yìn ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ kíláàsì kẹfà fún ọmọ náà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti dìbò lẹ́yìn èyí, a kì í sì í fẹnu kò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ìbò kan ṣoṣo ló jáde nílé wa, èmi ni mo dì í.