Ọ̀pá Kúkúrú Ló Pa Ṣàràfá, Kì í Ṣe Àìfarabalẹ̀

Ṣàràfá Àkànbí ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, nínú kànga àpatì kan lẹ́yìn Asese, níbi tó ti ń wá ààlà ilẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n kírun sí i lára ní Ifọ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, tí àdúgbò pé jọ fún fìdáù, ìránṣẹ́ kan dé láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Àjíbíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò mọ ìwé kà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ni. Wọ́n bá kà á. Lẹ́tà náà ní ohun tó pa Ṣàràfá ni "àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́." Ó wá fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run kún un, pé "kò sí ohun èlò ilé-iṣẹ́ kankan tó bàjẹ́."

Ẹ tún un kà o. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta wà nínú ilẹ̀, àwọn kan ń dúpẹ́ pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Irú ẹnu wo la fi ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ tí mò ń sọ ni Ààlà Ìrọ̀rùn, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó wà ní Ibafo. Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ ṣe rí ní apá ibí. Látìgbà tí àwa ará Èkó ti ya dé, ilẹ̀ tí kò ní ìjà nínú kò pọ̀ mọ́ láti Magboro títí dé Mowe. Àwọn òpó ààlà, èyí tí a ń pè ní píláà, ń pòórá: iyanrìn bo òmíràn, ọmọ onílẹ̀ hú òmíràn jù sínú igbó. Iṣẹ́ Ṣàràfá ni láti gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin, kó máa fì í sọ́tùn-ún sósì lórí koríko láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, títí yóò fi gbọ́ igbe irin tó wà nínú píláà. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é.

Orí ilẹ̀ tèmi la ti mọra. Ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ mi ní Magboro, ẹni tó ń gbàdúrà fún mi ní kí n ri irin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí mi nípò. Èmi nìkan kọ́ ló ṣe é, ìdajì àdúgbò wa ló ri irin mọ́lẹ̀. Mo ra nọ́ọ̀tì ńláńlá méjìlá lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Asese, mo ri mẹ́ta mẹ́ta mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjà ààlà dé láàárín èmi àti aládùúgbò mi, wọ́n rán Ṣàràfá wá. Gbogbo ibi tó fi ẹ̀rọ sí ló ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀tì. Èmi dúró ní fàráńdà, mo ń wò ó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìkejìlá, ó kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú mi. "Ìyá Jésùtófúnmi, ṣé ẹ gbin irin ni? Ó mà ta dáadáa o."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àdúrà ni."

"Ẹ bá mi sọ fún àdúrà kó rántí ẹ̀yìn mi."

A rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún un. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀, tó tún jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, kò jẹ́ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rí i pé mo ṣàkíyèsí. Ó ní, "Ẹ foríjì mí. Ọ̀tún ti sùn lọ, kò mọ nǹkan tó dì mú mọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Ṣàràfá ga tó jẹ́ pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà mi, ẹ̀rọ tí wọ́n fún un kò sì ju ti ẹni tó mọ ní èjìká rẹ̀ lọ. Kó tó lè mú un kan ilẹ̀, ó ní láti tẹ̀ bí ẹni tó ń roko. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà níwájú, nítorí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń gbé e. Ibi tí apá ń sinmi lé kò ní tìmùtìmù, etí rẹ̀ ti gé e lápá títí ó fi di àpá dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ bá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́n, pé kí wọ́n bá òun tún ọ̀pá yẹn ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un ní èsì kan náà: "Bàbá, ohun tí òyìnbó ṣe lẹ fẹ́ tún ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún un ṣe! Ó ra páìpù omi oníke, ó fi fa ọ̀pá náà gùn. Kò lo irin, torí ó ní bí òun bá fi irin sí i, ẹ̀rọ á máa ké fún ara rẹ̀. Ó gé sílípáàsì àtijọ́ fi ṣe tìmùtìmù apá. Ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé ibi ìdìmú kí ó má máa yọ̀ nínú òógùn. Ó gbé bátìrì kúrò níwájú lọ sẹ́yìn ìgúnpá kí ìwúwo lè dọ́gba. Ó wá já okùn báàgì ilé-ìwé Salmah ọmọ rẹ̀, ó fi gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò rẹwà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbé e wá fi hàn mí, ó nà ró ṣánṣán.

"Ẹ wò mí," ó ní. "Mo ń rí iwájú mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba omi lọ́wọ́ mi. Mo pariwo, mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́n mú àwọn oníbàárà kan wá wo ilẹ̀ ní Mowe. Ó rí ẹ̀rọ náà lọ́rùn Ṣàràfá. "Kí ni ìríkúrìí yìí? Ṣé alágbe ni wá? Ẹ tú u kúrò, now now, kí àwọn èèyàn yìí tó lọ." Níwájú àwọn àlejò, ọkùnrin tó lè bí i lọ́mọ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, orí àgbà gan-an ni wọ́n wọ́ lójú ọjà.

Ọ̀dọ̀ mi ló kó àwọn nǹkan tó tú náà wá. Kò fẹ́ kí Àjíbíkẹ́ rí i. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá bi mí bí mo ṣe ṣe é."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn náà ni kànga gbé e. Sódìq, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Koríko bo ẹnu kànga. Ṣàràfá ti tẹ̀ kanlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Bó ṣe ń já bọ́, ó ju ẹ̀rọ náà sórí koríko kó má baà bàjẹ́, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá etí kọnkéré mú. Sódìq sáré. Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí lo gbọ́ kẹ́yìn?" mo bi í.

Ó sunkún kó tó dáhùn. "Àǹtí, ó ní, 'Sódìq, ọwọ́ yìí ò dì í mú.' Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyẹn. I swear, kò pariwo."

Ìdí nìyẹn tí ohun èlò yín kò fi bàjẹ́, ẹ̀yin ará Ààlà Ìrọ̀rùn. Ẹni tí ẹ pè ní aláìfarabalẹ̀ ló dá a sí, nígbà tí kò rí ẹni dá òun sí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ nu eruku ara rẹ̀, ẹ gbé e fún Sódìq. Ọ̀pá kúkúrú kan náà ni. Sódìq náà ga. Ẹni mélòó lẹ fẹ́ sin kí ẹ tó ra páìpù oníke kan?

Èmi náà jẹ̀bi. Ìgbà méjìlá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí àdúrà mi, n kò sì la ẹnu. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àjíbíkẹ́. Ó dì mí mú, ó ní, "Ìyá Jésùtófúnmi, ẹ kàn bá mi mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí ọkọ mi. Wọ́n kà á létí àwọn ọmọ." Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ nìyẹn. Torí náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́n, ẹ kọ lẹ́tà mìíràn. Ẹ kọ òtítọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé ara yín lọ sí Ifọ, kí ẹ kà á sókè lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ sì jẹ́ kí Sódìq wá gba ọ̀pá tí Ṣàràfá ṣe. Ó wà ní yàrá mi, kò sí ohun tó dín níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tọ̀nà, kò burú. Nọ́ọ̀tì méjìlá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ri wọ́n padà sínú ilẹ̀ mi ní Magboro, n kò sì ní sọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin náà ga, mo ti rí yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ wá gbogbo méjèèjìlá rí. Bí ẹ bá ṣe tán, mo máa bu omi fún yín, màá fún yín ní bírò, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn kọ "àìfarabalẹ̀" lójú mi.