Iná Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sá fún Àdúrà

Inú ti ń bí Ìrètí láti àárọ̀. Oníbàárà méjì ní Odò-Ọjà ló ti sọ fún un pé àwọn kò ṣe iná tí fóònù ń darí mọ́, wọn kò sì sọ ìdí. Ìyàwó tíṣà kan ló wá là á yé e nírọ̀lẹ́: gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló ń sọ ọ́ pé iná tó ṣe sílé Ìyá Bólúwadúró kò fẹ́ gbọ́ àdúrà. Bí àwọn obìnrin ìjọ bá ti dijú, iná á kú. Bí wọ́n bá ṣe àmín tán, á tàn.

Ìrètí gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ apá, ó gun alùpùpù.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná ní Èmùré, nígbà tí àwọn ẹbí ń bi í pé kí ni ọmọ obìnrin ń wá lórí àkàbà. Ọdún méjìlá ló fi fa wáyà láti ilé dé ilé kó tó kọ́ èyí tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún iná. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó. Orúkọ ló ní, pé ẹni tí Ìrètí bá ṣiṣẹ́ fún kì í pè é padà wá tún un ṣe. Orúkọ yẹn ni wọ́n wá fẹ́ fi àmín bà jẹ́.

Bólúwadúró ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ láti Kánádà. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò fẹ́ kó máa fọwọ́ wá súìṣì lára ògiri. Ìrètí lẹ ojú funfun kékeré kan mọ́ àjà pálọ̀, ojú tó ń wò ó bóyá ènìyàn ń mira nísàlẹ̀, ó sì kọ òfin méjì sínú fóònù: bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹnìkan sì wọlé, tan iná, bí ẹnikẹ́ni kò bá mira fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pa á. Ó fún Bólúwadúró náà láǹfààní láti máa wo iná lórí fóònù tirẹ̀, kó sì lè yí òfin padà, ṣebí òun ló kọ́lé. “Ẹ má jẹ́ kó dín ní ọgbọ̀n o,” ó kìlọ̀ fún un, “àgbàlagbà máa ń jókòó pẹ́.” Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́.

Aago méje kù díẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. Ìyá Bólúwadúró jókòó nínú pálọ̀, ó fi ìgbálẹ̀ lé itan. Àwọn àga oníke tí àwọn obìnrin àdúrà máa ń jókòó sí wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n tò wọ́n léra, eruku ti bò wọ́n.

“Ìrètí, káàbọ̀. Jókòó.”

Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó. Kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, torí bó bá lanu, ìbínú ni yóò jáde. Àwọn méjèèjì jókòó láì mira. Nígbà tó ṣe, iná kú. Ìyá náà gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń lé eṣinṣin, iná tàn, ó sì gbé ìgbálẹ̀ padà sórí itan.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín, ṣùgbọ́n Ìrètí kò rẹ́rìn-ín.

“Màmá, láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù méjì.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bọ̀ọ̀dá Bólúwadúró?”

“Ọmọ mi ló ṣe uná sí ulé fún mi. Ṣé kí n wá máa ráhùn ni? Wọn á ní mi ò moore.”

Ìyá náà wo àwọn àga tó wà ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́rú mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti wá ṣe àdúrà níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà kì í ṣe àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ gbàdúrà o; wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dorí kodò sára àga, ẹnìkan á máa gbàdúrà, ìyókù á wà jẹ́ẹ́. Ìyá Ẹniọlá, aṣáájú wọn, tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán, ló sọ fún un pé kó lọ fọ ilé rẹ̀ mọ́, pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

“Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta,” ìyá náà wí. “Mi ò mọ ohun tí mo ṣe Ọlọ́un.”

Ara Ìrètí gbóná. Ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ń febi panú nítorí nọ́ńbà kan nínú fóònù! Ó ṣí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló bá níbi tó ti kọ ọgbọ̀n. Ó bínú sí Bólúwadúró, ó sì bínú sí ara rẹ̀, torí láti oṣù méjì, kò yà wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pe Kánádà.

“Mo rí i pé bátìrì tó ń gbé iná ilé ń yára lọ sílẹ̀ ni mo ṣe dín in kù,” Bólúwadúró dáhùn láti ẹnu iṣẹ́. “Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ó sì jọ pé kì í sí ẹnì kankan ní pálọ̀.”

“Màmá wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó ni.”

“Ṣé wọn ò lè máa dìde díẹ̀díẹ̀ ni? Ó dáa fún orúnkún wọn.”

Fíríìjì ràgàjì tí ọkùnrin yìí ní kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju omi lọ, òun ló ń jẹ bátìrì. Ìrètí là á fún un láì bọpo bọyọ̀, ó sì pa fóònù.

Ó sọdá títì lọ pe Ìyá Ẹniọlá. Ìyẹn tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, Bíbélì lábẹ́ abíyá.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wọlé, ẹ jókòó.” Ìrètí fa àga kan sílẹ̀ fún un. “Ẹ má gbàdúrà o. Nǹkan mìíràn ni kí ẹ máa rò. Ẹ ṣáà má mira.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó bí ère. Iná kú.

“Ṣé ẹ gbàdúrà, mà?”

“Rárá,” Ìyá Ẹniọlá dáhùn nínú òkùnkùn. “Uyán ni mo ń rò.”

Ìrètí na ọwọ́ sókè, iná tàn. Ó ní kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Iná náà kò mọ àdúrà, kò sì mọ iyán. Bí ènìyàn kò bá ti mira, ó gbà pé ilé ṣófo nìyẹn.

Ìyá Ẹniọlá wolẹ̀. “Ìyá Bólúwadúró, ẹ foríjì mí.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ìyá náà wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi sọ mí di àjẹ́ nínú ulé mi.” Kò sọ pé òun ti foríjì í, Ìrètí kò sì bá Ìyá Ẹniọlá bẹ̀ ẹ́.

“Màmá, ìṣẹ́jú mélòó ni kí n wá kọ?”

“Má kọ ìṣẹ́jú kankan. Bí mo bá wà nínú ulé mi, kí uná wà.”

Ìrètí pa òfin kejì rẹ́. Ó yọ Bólúwadúró kúrò lórí iná náà bí ìyá náà ṣe ní kó ṣe, ó sì lẹ súìṣì kékeré kan tí kì í lo wáyà mọ́ apá àga, kí ìyá náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná bó bá fẹ́ lọ sùn. Kò tíì kó irinṣẹ́ tán tí fóònù fi dún.

“Ìrètí, mi ò rí iná ilé lórí fóònù mi mọ́. Kí lo ṣe?”

Ìyá Bólúwadúró na ọwọ́, ó gba fóònù náà.

“Bólúwadúró, èmi ni mo ní kó yọ ẹ́. Ojoojúmọ́ lo ń wo bátìrì. Ìgbà wo lo pè mí kẹ́yìn?”

Ìyá náà gbé fóònù lé itan, níbi tí ìgbálẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó ń retí èsì. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó mira nínú pálọ̀ náà, iná sì ń tàn.