Oúnjẹ tí ìyá ọkọ Kelsey dì wá sílé mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi níbí ní Peckham ní ìlú Ọba ní Sátidé tó kọjá, inú mi sì ń dùn sí i títí di òní. Apá kan rẹ̀ ń tì mí lójú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n màá sọ ìyẹn náà.

Kelsey àti Sindre ló ń gbé ilé tó kọjú sí tèmi. Ará Amẹ́ríkà ni Kelsey, ará Nọ́wè ni Sindre, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ ara wọn. Ẹ ò rí irú méjì bẹ́ẹ̀ rí! Lọ́jọ́ tí Kelsey kó dé, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní gèlè mi ló rẹwà jù láyé. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, mo ti gbọ́ bí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe kọ ara wọn sílẹ̀, mo sì ti gbọ́ nípa eyín tí wọ́n yọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, gèlè mìíràn ló rẹwà jù láyé.

Sindre ńkọ́? Bí lífítì bá ṣí tó sì bá mi nínú rẹ̀, yóò dúró de òmíràn! Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Àfìgbà tí lífítì bàjẹ́, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, tó gba báàgì iṣu lọ́wọ́ mi, tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi, tó sì wọlé rẹ̀ lọ láìsọ gbólóhùn kan. Mo ní dandan ni kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó sì kọ́ ọ lóòótọ́. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì" ló ń kí mi, ìbáà jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A ṣì ń tún ìyẹn ṣe, díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Sindre wá ń bọ̀ láti Nọ́wè, láti rí Kelsey fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti tú kíṣínì wọn palẹ̀ láti tún un ṣe. Kelsey wá bẹ̀ mí pé kí n yá àwọn ní pálọ̀ mi. Ó ní bí ìyá yìí ò bá fẹ́ràn òun, òun ò mọ bí òun ṣe máa fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá ọkọ ń bọ̀, ṣé pálọ̀ lásán la máa fi gbà á? Èmi àti Alhaja, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ìsàlẹ̀, la jí se jọ̀lọ́ọ̀fù, a din ẹja, a sì se mọ́ínmọ́ín eléwé.

Aago kan ọ̀sán ni mo dá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aago kan túmọ̀ sí láàárín wa. Aago kan ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti ń tẹ bẹ́ẹ̀lì! Ìró ni mo ṣì ró mọ́ àyà!

Obìnrin gíga kan ló wọlé. Berit lorúkọ rẹ̀, mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ gun òkè. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mo fún un ní máàkì kan níbẹ̀. Kelsey fò mọ́ ọn, ó dì mọ́ ọn pinpin. Berit dúró ṣanṣan bíi pátákó tí a fi ń lọ aṣọ.

A jókòó. Kelsey bẹ̀rẹ̀: súwẹ́tà yìí mà dára o, irun yìí mà dára o, inú òun mà dùn o! Gbogbo èsì Berit kò ju pé kó fa èémí sínú ṣàà, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Àṣé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Àwa ò mọ̀! Alhaja tẹnu bọ̀ mí létí.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bi í bóyá ikọ́ fée ló ń ṣe é. Oògùn tí ọmọ mi ń fà símú wà nísàlẹ̀ o."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Bí Kelsey ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni Berit ń dákẹ́ tó. Bí Berit ṣe ń dákẹ́ ni ọmọ náà tún ń sáré wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, ó ń tutù lọ. Nígbà tó yá, Berit tú báàgì rẹ̀, ó mú ìdì bébà kan jáde, ó tú u sórí itan. Búrẹ́dì ni, pẹ̀lú wàràkàsì kan tó pọ́n bí iyanrìn! Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nínú ilé mi! Níṣojú mọ́ínmọ́ín!

"Ó ti parí," ni Alhaja wí. "Ìyá ọkọ gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Ó rò pé a fẹ́ fi májèlé pa òun."

Kelsey ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó rí ojú wa. Ó dìde, ó wọ kíṣínì. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, omijé ti bò ó lójú, ó ti bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní èmi ni àgbà, kí n má parọ́ fún òun: ṣé ìyá yìí ò fẹ́ òun ni?

Ó yẹ kí n dákẹ́. N ò dákẹ́. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ọkọ tó bá kọ oúnjẹ, ó ti kọ ìyàwó. Ó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní kò burú, òun á dá òrùka padà fún Sindre lónìí, òun á sì padà sí Amẹ́ríkà. Òun ò ní wọ ilé tí wọn ò ti fẹ́ òun.

Ẹ̀rù bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní òdo láìka ìwé rẹ̀ tán. Kí ni mo wá ṣe yìí? Mo padà sí pálọ̀, mo bi Berit tààrà: ṣé oúnjẹ mi ò wù ú ni?

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé àwa lẹ se é fún?"

Ó ní òórùn rẹ̀ ti ń dá òun lọ́fun tòlò láti ìgbà tí òun ti wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí òun jẹun. Nílé wọn, bí onílé ò bá tíì sọ̀rọ̀, àlejò kì í fọwọ́ kan àwo. Òun rò pé mò ń retí àwọn mìíràn ni. Wọn kì í sì lọ sílé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí kí wọ́n di ẹrù sí i lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí òun fi di búrẹ́dì dání.

Kelsey ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bù ú fún wọn. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, oúnjẹ tó bá ti wà lórí tábìlì, kálukú ló ń bu tirẹ̀, òun sì ń dúró kí àlejò kọ́kọ́ bù ú. Èmi ńkọ́? Mò ń retí kí ìyàwó kúnlẹ̀ gbé àwo fún ìyá ọkọ rẹ̀! Ṣé mo sọ fún un? N ò sọ. Ó tó wákàtí kan tí a fi yí oúnjẹ ká, tí kálukú ń retí ẹnì kejì!

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Sindre la ẹnu. Ó na ọwọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀, ó mú ìdì méjì mìíràn jáde. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí wọn lára: Sindre lórí ọ̀kan, Kelsey lórí èkejì. Ó ní láràárọ̀ ni ìyá òun máa ń di búrẹ́dì báyìí fún òun àti ẹ̀gbọ́n òun nígbà tí àwọn wà ní kékeré. Kò di í fún ọmọ ẹlòmíràn rí, àní ọmọ aládùúgbò. Ti Kelsey ò ní wàràkàsì nínú, torí pé mílíìkì kì í bá a lára mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá òun pe òun lórí fóònù láti béèrè ohun tó lè jẹ.

N ò gbọ́ kí Sindre sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kelsey gba ìdì náà, ó ka orúkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ Berit. Berit tún le gbandi. Àmọ́ mo rí ọwọ́ rẹ̀ kan tó gòkè díẹ̀díẹ̀, tó rọra lu ọmọ náà lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Berit wá rí òrùka ní àtẹ́lẹwọ́ Kelsey.

"Wọ nǹkan yìí sọ́wọ́," ló wí, "kó tó bọ́ sínú oúnjẹ ìyá yìí."

Mo bẹ Kelsey níwájú gbogbo wọn, mo ní irọ́ ni mo kọ́ ọ. Ó ní èmi ni màmá tó dára jù láyé. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n!

Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ gbé àwo fún Berit, díẹ̀ ló kù kó da jọ̀lọ́ọ̀fù sí súwẹ́tà rẹ̀. Berit jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Mo bi í bó ṣe rí, ó ní kò burú. Alhaja fajú ro, àfi ìgbà tí Sindre ṣàlàyé pé kò sí oríyìn tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu ìyá òun. Ni Alhaja náà bá tọ́ wàràkàsì wọn wò. Ó ní kò burú. Ojú rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ o!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Òótọ́ inú Kelsey ni gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀, òótọ́ inú Berit sì wà nínú bébà tó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí. Èmi tí mo rò pé mo mọ ìwà ọmọlúàbí, díẹ̀ ló kù kí n tú ilé ẹni ẹlẹ́ni ká nítorí búrẹ́dì. Kí a tó sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé wọn ò fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwà ta ló ti ṣì yín lọ́nà rí, nílé àna, níbi iṣẹ́, tàbí lórí bọ́ọ̀sì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n báírò pupa mi ṣì ń yọ yíǹkì.