Ẹyẹ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá Ọkọ Mi

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Wọ́n wà létí odò ní Adó-Odò, ìlú wọn.

"Ìyá Naimat, àwọn ẹyẹ náà ti dé o! Mẹ́ta ni mo rí nínú ẹrẹ̀. Sọ fún Títílọlá pé bí mo bá délé lọ́la, màá pe orúkọ wọn fún un."

Mo ní, "Ẹ rántí jẹun o. Ẹyẹ wíwò kì í yó èèyàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Naimat fi yọ́ irin ní ilé-iṣẹ́ kan nínú Ọ̀tà níbí. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí wọn kan jẹ́. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti mú, wọn a gbàyè, wọn a wọkọ̀ ní Tógéètì Ṣàngó, ó di Adó-Odò, nítorí ẹyẹ kan. Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, tó fi ń wá alákàn nínú ẹrẹ̀. Òkè òkun ló ti ń wá.

Títílọlá, ayálégbé wa ní Ìjokò, ọmọ yunifásítì, ló ń kó orúkọ ẹyẹ jọ sínú ìwé. Kí ọyẹ́ tó mú lọ́dún yìí, ó sọ fún àwa méjèèjì pé Numenius arquata ni àwọn onímọ̀ ń pè é káàkiri ayé. Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ ìdílé, ìkejì ni tirẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Bí wọ́n ṣe ń pe àwa náà ní géètì ilé-iṣẹ́ nìyẹn, orúkọ bàbá ṣáájú!"

Títílọlá yíjú sí mi. "Màmá, kí lẹ̀yin ń pè é?"

"Olóṣùlẹ́nu."

Ọmọ náà pariwo pé láti ara oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni Numenius náà ti wá. Ó gbé bírò, ọkọ mi sì gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má kọ ọ́! Ti àwọn ìyàwó ilé nìyẹn."

Apẹja ni bàbá ọkọ mi, wọ́n ga, wọ́n sì máa ń tẹ̀ síwájú nínú ẹrẹ̀, ni ìlú bá fi orúkọ ẹyẹ náà pè wọ́n títí ó fi mọ́ wọn lórí. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Bí àwa ìyàwó ṣe fún ẹyẹ ní àdàpè nìyẹn.

"Bàbá, ẹ wá pe èyí tó jẹ́ gidi."

"Kí n rí wọn lọ́dún yìí ná. Ta ní ń sọ ọmọ lórúkọ láìrí ọmọ?"

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Títílọlá kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé lẹ́yìn Iléyá.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

"Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo wọlé wọn, ọmọ mi. N kò pè é rí."

"Ẹ kọ ọ́, nígbà náà."

"Kíkọ náà, pípè ni."

Ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn àti àwọn àgbà ìlú tó mọ orúkọ náà ti kú tán. Mo bi Naimat, ọmọ mi. Olóṣùlẹ́nu nìkan ló mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Títílọlá ní òun lè fi Olóṣùlẹ́nu dí àyè náà. Mo ní rárá, orúkọ ilé ọkọ mi ni kó wà níbẹ̀.

Mo mọ orúkọ náà. N kò tíì pè é. Iwájú Numenius arquata ṣì ṣófo nínú ìwé.