Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Dúró De Ìkòkò

Ohun tó ń ba Àǹtí Eléyín lẹ́rù kì í ṣe eyín jíjẹrà, kì í sì í ṣe ọmọ tó ń gé dókítà jẹ. Àgbà ni. Dókítà ni lóòótọ́, tirẹ̀ sì ni ilé ìtọ́jú eyín tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Síbẹ̀, bí ẹni tó jù ú lọ bá ti gbóhùn sókè, orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kó tó mọ̀.

Ohun tó kó o sí wàhálà lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ní òun ń kánjú, ni Àǹtí Eléyín bá yọ irinṣẹ́ nínú ìkòkò onírin tí wọ́n fi ń fi ooru pa kòkòrò, ìkòkò ò sì tíì ṣe tán. Irú ọ̀wọ̀ wo ni kéèyàn fi kòkòrò sẹ́nu àgbà? Àfi gbìì, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba wọlé. Wọ́n ní àwọn á padà wá láìsọ ọjọ́, báwọn bá sì tún bá irú rẹ̀ níbẹ̀, àgádágodo ni wọ́n á fi ti ibẹ̀. Ilé tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, irinṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìkòkò ni obìnrin aláyẹ̀wò dé. Ó wo ibi ìfọwọ́, ó yẹ ike tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ sí wò, kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìyá ọkọ Àǹtí Eléyín já wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu.

“Ìyàwó mi, yọ eyín yìí fún mi kíá, mò ń kú lọ!”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, màámi. Irinṣẹ́ ṣì wà nínú ooru. Ẹ jókòó díẹ̀.”

“Kí ta ni jókòó? Èmi tí mo bí ọkọ ẹ?”

Gbogbo àwọn tó ń dúró yíjú. Aláyẹ̀wò gbé bírò sókè. Orúnkún Àǹtí Eléyín kanlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ò tẹ̀ lé orúnkún.

“Màámi, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ohun tí ò tíì mọ́ ò ní wọ ẹnu yín. N ò jẹ́ ṣe é fún ará ìta, áńbọ̀sì ẹ̀yin. Ẹ gba oògùn yìí, á dín ìrora náà kù.”

Màmá gbé oògùn mì, ó pòṣé, ó jókòó, ó ń kùn. Nígbà tó yá, ìkòkò súfèé, irinṣẹ́ jáde, eyín náà sì jáde.

“Ẹ yege, dókítà,” aláyẹ̀wò wí. Ó wá rẹ́rìn-ín. “Ìyá ọkọ tèmi? Háà, n ò jẹ́ láyà sọ bẹ́ẹ̀ fún un.”

Inú Àǹtí Eléyín dùn débi pé ó jó yí àga aláìsàn po, tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Wọn ò ní ti ilé ìtọ́jú rẹ̀ pa mọ́.

Níta, ọkùnrin kan ń kan ilẹ̀kùn gbàgbà pé òun ò lè dúró. Ìyá ọkọ dìde, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Jókòó, jàre! Èmi tí mo bí ọkọ dókítà gan-an, mo dúró!”