Àwọn Ẹran Tí A Sin Sóko Ẹ̀lú

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgùntàn náà ni mo dì mú, ìyá bàbá mi di tiwájú mú, a sì ń wọ́ ọ gòkè nínú ẹrẹ̀. Ara rẹ̀ ti le gbagidi. Irun rẹ̀ ti mu omi yó, ó wúwo bí òkúta. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ wa bá rì, ìyá a dúró, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní kí n má wo ojú rẹ̀, kí n máa wo ibi tí à ń lọ.

Òkukù la wà nígbà náà, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tí àwa ọmọdé ṣì máa ń sá wọlé bó bá fọn fèrè. Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, Odò Ọ̀tìn sì kún bo bèbè. Kò gbé ènìyàn kankan, ṣùgbọ́n ó ya wọ ọgbà ẹran tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Àwọn àgùntàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò rí ibi sá sí. Aládùúgbò wa kan ló ni wọ́n, ọkùnrin kan tí òun àti ìyá bàbá mi kì í kí ara wọn dáadáa. Aláró ni ìyá. Àgùntàn ọkùnrin náà ti da ìkòkò aró wọn nù rí, òun àti ìyá sì ti bú ara wọn lójú gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí omi fà, oòrùn mú gan-an. Kó tó di ọ̀sán, òórùn ti gba gbogbo ibẹ̀, eṣinṣin sì ń kùn yùnmù. Àwọn kan fẹ́ kun ẹran náà kí wọ́n yan án. Ọkùnrin náà ní òun kì í jẹ òkú ẹran, òun kò sì fẹ́ kí ó ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n tì wọ́n padà sódò, kí odò gbé wọn lọ. Ilẹ̀ tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ omi, kò ṣeé gbẹ́. Ó wá ń bẹ àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lókè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin wọ́n síbẹ̀. Ọ̀kan ní òun ti kọ ebè síbẹ̀. Òmíràn ní ilẹ̀ ẹbí ni, òun nìkan kò lè pàṣẹ lórí rẹ̀.

Iwájú ilé ni ìyá wà, wọ́n ń gún ewé ẹ̀lú lódó. Wọ́n dá ọmọ odó dúró.

"Àwọn ará Èkò-Èǹdé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ń pọn odò yìí mu," ni wọ́n wí. "Ẹ kó wọn wá sóko mi."

Oko ẹ̀lú wọn ni wọ́n ń wí, ẹ̀yìn ilé wa gan-an. Bàbá wọn ló fi ilẹ̀ náà ta wọ́n lọ́rẹ, ibẹ̀ sì ni ewé tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró ti ń wá. Bàbá mi rọra bi wọ́n pé bí wọ́n bá hú ẹ̀lú yẹn, kí ni wọn yóò máa fi ṣiṣẹ́.  Ìyá lọ mú ọkọ́, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn hú àwọn ẹ̀lú àkọ́kọ́.

Àwọn ọkùnrin gbẹ́ kòtò náà jìn títí kò fi ku nǹkan tí à ń rí ju orí wọn lọ. Nígbà tí a kó àwọn ẹran náà síbẹ̀, ìyá gbé eérú tí wọ́n ti jó pa mọ́ fún aró jáde, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, wọ́n dà á lé wọn lórí kí òórùn má baà jáde. Àgbò kan ló kù lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí a wọ́ ọ. Ó gbé e sáyà bí ọmọ, ó kúnlẹ̀ létí kòtò, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìgbin.

Ìyá bu omi wá fún un.

"Fọ ọwọ́ rẹ, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò wọ́n, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó ṣeé ká tó hù níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí ibẹ̀ ká kí ajá má baà hú u, ó sì ń wá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá láràárọ̀. Ìkòkò aró wa dín kù. Ọjà Ìkìrun ni ìyá ti wá ń ra ẹ̀lú tí àwọn ẹlòmíràn gún, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀ lé wọn.

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń bọ̀, a sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi kan ní Inísà. Ìyá ń fi ìka tẹ ọrùn wọn. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ oko yẹn kì í dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí," ni wọ́n wí. "Bí mo bá jí tí mo wo ẹ̀yìn ilé, ó ń dùn mí."

 Wọ́n ní kí n gbé ẹrù rù wọ́n, a sì ń lọ.

Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé bí ènìyàn bá ṣoore, inú rẹ̀ á kàn máa dùn ni. Mo ti dàgbà ju bí ìyá ti wà nígbà náà lọ báyìí. Èmi náà ti yọ̀ǹda ohun tí mi ò fẹ́ yọ̀ǹda, ó sì dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n n kò tìtorí ìrora náà rò pé mo ṣìṣe.