Àgbáyun fún Ẹnu Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Adja-Ouèrè, tí òmìnira ti dé ṣùgbọ́n tí Rẹfolusiọ́n àwọn ológun kò tíì dé, èéyi mú àbúrò mi obìnrin. Ara rẹ̀ gbóná, ó sú, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ibà náà lọ, a rò pé ó ti parí. Kò parí o. Ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ mọ́. Bí a bá fi ẹ̀kọ kàn án létè, yóò yí ojú sí ògiri. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kò mọ irú ẹ̀rù tó máa ń wà nínú ilé tí ọmọ kò bá jẹun. Ìyá mi á máa di apá rẹ̀ mú, wọ́n á máa wò ó bóyá ó tún ti tín-ín-rín sí i.

Ọkùnrin tó ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn sọ pé iṣẹ́ tòun ti tán. Ó ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti epo pupa ló lè gbé e dìde báyìí. Gbogbo rẹ̀ wà nílé wa. Ẹnu ta ni a ó wá fi jẹ ẹ́?

Ìyá bàbá mi ló ní kí n sáré lọ sí oko wa lọ́nà Oko-Akarè, kí n já àgbáyun wá. Èso pupa kékeré ni. Bí o bá lá a, ohun kíkan tí o bá jẹ tẹ̀lé e á dùn mọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá mi kì í jẹ́ kí a jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ó ń tan ahọ́n jẹ. Lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló fún un sí àbúrò mi lẹ́nu. Ó mu ẹ̀kọ ṣíbí kan, ó mu òmíràn. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rún ẹyin sísè sí i.

Ṣùgbọ́n àgbáyun kì í pẹ́ bàjẹ́. Àràárọ̀ ni èmi àti ẹyẹ jọ ń du ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò bá ẹyọ kan lórí igi. Ọwọ́ òfo ni mo gbé délé. Ìyá mi kò bá mi wí, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀. Ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ náà fún ọmọ bẹ́ẹ̀, láìsí àgbáyun. Ó mu ún, ó fún ojú pọ̀.

"Ó kan," ó ní.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó tún na ọwọ́ sí igbá ẹ̀kọ náà. Ìyá mi bú sẹ́kún, èmi náà sì bá wọn sun ún.

Ayé ti yí padà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ti wà, oúnjẹ sì pọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á ti àwo ẹ̀wà sẹ́yìn, wọ́n á ní bisikíìtì làwọn fẹ́, ìyá wọn á sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Mi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà títí yóò fi jẹun.